Ilé Èrò àti Ẹnubodè ní Ilẹ̀ Balkan

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìtàn ilẹ̀ kan, ohun tí àwọn òpìtàn sábà máa ń kọ́ ọ ni orúkọ àwọn ọba ibẹ̀ àti àwọn ogun tí wọ́n jà. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ó yẹ kí a tún béèrè pé: Ta ni ó la ọ̀nà ilẹ̀ náà? Níbo ni èrò ń sùn bí ilẹ̀ bá ṣú u? Ta ni ó sì ń san owó oúnjẹ àti owó àtùpà ibẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ìtàn ilẹ̀ Balkan wò, nítorí pé ilẹ̀ náà jẹ́ èyí tí àwọn aláṣẹ ti pín tí wọ́n sì tún un pín, síbẹ̀ tí èrò kò yé gbà á kọjá.

Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, a máa pọn àpò wọn sẹ́yìn, wọn a máa wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú níbẹ̀, wọn a sì máa sùn ní àwọn ilé èrò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní họ́sítẹ̀lì. Ẹni tí ó bá rí wọn lè rò pé àṣà titun ni. Kì í ṣe titun rárá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ilé èrò ni ó ń so ilẹ̀ náà pọ̀, tí ẹnubodè sì ń tú u ká. Àti pé ìjà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì yìí kò parí títí di òní olónìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Tọ́kì ni Balkan. Òkè tí igbó bò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ náà wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù, láàrin òkun Adriatic àti Òkun Dúdú. Bí orúkọ rẹ̀ ti sọ, òkè ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọjá kò lè ṣàì tẹ̀lé àfonífojì àti ipa odò. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ìjọba a máa yí padà ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ibi tí ọmọ ogun Róòmù fi ẹsẹ̀ rìn ni ẹṣin àwọn ará Tọ́kì gbà, ibẹ̀ náà sì ni bọ́ọ̀sì ń gbà lónìí.

Àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tí a ń pè ní Via Egnatia ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ṣáájú ìbí Kírísítì. Orúkọ Gnaeus Egnatius, ẹni tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ wọn ní Makedóníà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Etí òkun Adriatic ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìlú Durrës ti ilẹ̀ Albáníà wà. Ó gba ẹ̀bá adágún Ohrid, ó kọjá ní Bitola àti ní Tẹsalóníkà, títí ó fi dé ìlú tí a ń pè ní Istanbul lónìí. Gígùn rẹ̀ ju 1,000 kìlómítà lọ. Ọ̀nà ńlá kejì, èyí tí í ṣe ọ̀nà ogun, gba Belgrade, Niš, Sofia, Plovdiv àti Edirne, òun náà sì parí sí Istanbul.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ti rìn lórí ọ̀nà Egnatia yìí láìmọ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù gúnlẹ̀ sí Neapoli, tí ó lọ sí Filippi, tí ó sì ti ibẹ̀ gba Amfipoli àti Apollonia dé Tẹsalóníkà, ọ̀nà náà ni ó ń tọ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó gbà á sílé. Ní Filippi, Lidia tí ń ta aṣọ elésè àlùkò fi dandan mú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé rẹ̀. Ní Tẹsalóníkà, Jasoni gbà wọ́n sílé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn búburú dá ìlú rú, wọ́n wọ́ Jasoni lọ síwájú àwọn olórí ìlú, ó sì san owó ìdúró kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ méjì yìí ti wà lórí ọ̀nà Balkan: ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, àti ìjọba tí ń béèrè lọ́wọ́ onílé pé irú ènìyàn wo ni ó gbà sílé.

Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá títí wọ ìkẹrìndínlógún ni àwọn ará Tọ́kì, lábẹ́ ìdílé Osman, gba ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi ogun gbà á. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, wọ́n kọ́ ilé èrò. Han ni orúkọ ilé náà. Wọn a fi òkúta kọ́ ọ yí àgbàlá kan ká. Ní ìsàlẹ̀ ni ẹṣin àti ẹrù ń wà. Ní òkè ni yàrá àwọn oníṣòwò ń wà. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni ó máa ń ní. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a tì í, a kì í sì í ṣí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí olè má baà wọlé, kí ẹni tí ó wà nínú ilé má baà jí ẹrù ẹlòmíràn gbé jáde.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí owó tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà wa ní, lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn àlejò ni a ti ń san án. Àwọn ará Tọ́kì wá ojútùú sí gbèsè náà. Ọlọ́rọ̀ tàbí ìjòyè tí ó bá fẹ́ ṣe rere a kọ́ mọ́ṣáláṣí, afárá, ilé ìwẹ̀ àti ilé èrò. Lẹ́yìn náà a kọ́ ìsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé owó tí àwọn tí ó gba ìsọ̀ náà bá ń san ni a ó fi máa tọ́jú ilé àlejò títí láé. Ohun tí a bá ti fi jìn fún Ọlọ́run báyìí ni wọ́n ń pè ní vakuf ní Bósíníà. Ọmọ kò lè jogún rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á.

Ìlú Sarajevo gan-an, orí vakuf ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí. Isa-beg Ishaković ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, ìwé tí ó fi ya ohun ìní rẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọdún 1462 sì mẹ́nu kan han, afárá, àti ilé kan tí àwọn tálákà àti èrò ọ̀nà yóò ti máa jẹun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gazi Husrev-beg, gómìnà Bósíníà tí ó kú ní ọdún 1541, kọ́ mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti ilé èrò síbẹ̀. Lára àwọn han tí ó wà lábẹ́ vakuf rẹ̀ ni Morića Han, tí wọ́n kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. A gbọ́ pé bí 300 èrò àti 70 ẹṣin ni ó lè gbà. Iná jó o ní ọdún 1957, wọ́n sì tún un kọ́ ní àwọn ọdún 1970. Ó ṣì wà ní àárín ọjà Sarajevo, a sì ń mu kọfí ní àgbàlá rẹ̀. Ní Skopje ni Kuršumli An wà, tí a fi òjé tí ó wà lórí rẹ̀ sọ ní orúkọ. Ó ti jẹ́ ilé èrò, ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì di ibi tí ilé ìṣúra ohun àtijọ́ ń kó àwọn òkúta gbígbẹ́ sí. Ìsẹ̀lẹ̀ ńlá tí ó run Skopje ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1963 bà á jẹ́, ṣùgbọ́n kò pa á run.

A ní ẹlẹ́rìí tí ó sùn ní irú ilé wọ̀nyí. Ogier Ghiselin de Busbecq ni aṣojú tí ọba Ferdinand ti ìdílé Habsburg rán sí Süleyman ní Istanbul láàrin ọdún 1554 sí 1562. Ó sọ nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀ pé inú gbọ̀ngàn kan náà ni ènìyàn àti ẹran ń sùn ní ilé èrò tí ó wà ní Niš: èrò a tẹ́ ẹní sórí pèpéle lẹ́bàá ògiri, ẹṣin àti ràkúnmí a sì wà nísàlẹ̀. Kò fẹ́ràn ibẹ̀, nítorí pé gbogbo ojú ni ó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ nípa irú ilé mìíràn, níbi tí wọn kì í ti í lé ẹnikẹ́ni padà, ìbáà ṣe Kírísítẹ́nì tàbí Mùsùlùmí, olówó tàbí alágbe. Wọn a gbé oúnjẹ wá fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko sì ni ó lè fi jẹ ẹ́ kí ó tó di pé ó gbọdọ̀ wá ibòmíràn lọ. Aṣojú ọba tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn ni ó jẹ́rìí èyí, kì í ṣe ará Tọ́kì tí ń yin ara rẹ̀.

Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó ń gba àlejò. Ní orí òkè àríwá Albáníà, níbi tí apá ọba kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká, òfin àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n ń pè ní Kanun ti Lekë Dukagjini, sọ pé ilé Albáníà kì í ṣe ti onílé. Ti Ọlọ́run àti ti àlejò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá pa àlejò rẹ lára nígbà tí ó wà lábẹ́ ààbò rẹ, ìwọ ni ó ṣẹ̀, ìwọ ni ó sì gbọdọ̀ gba ẹ̀san. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ọmọ ogun Hitler ń wá àwọn Júù kiri, àwọn ará Albáníà, tí Mùsùlùmí pọ̀ jù nínú wọn, fi àwọn Júù pamọ́ sínú ilé wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ogun parí, Júù tí ó wà ní ilẹ̀ náà pọ̀ ju èyí tí ó wà níbẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnubodè. Ìlú oníṣòwò ni Dubrovnik ní etí òkun Adriatic. Ibẹ̀ ni ọ̀wọ́ èrò ti ń gbéra lọ sí Istanbul. Ní ọdún 1377, nítorí ìbẹ̀rù àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ibi tí àrùn wà wá gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn ìlú fún oṣù kan kí ó tó wọlé. A kò lè bá wọn wí. Wọn kò sọ pé kí àlejò má wọlé. Wọ́n ní kí ó dúró ná, wọ́n sì fún un ní ibi tí yóò dúró sí. Ẹnubodè tí ó ní ọgbọ́n nínú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹnubodè mìíràn wà tí ó máa ń pẹ́ ju ìdí tí a fi ṣe é lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn Karlowitz ní ọdún 1699, Dubrovnik bẹ̀rù Venice tí í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbà kí etí òkun kékeré kan ní Neum wà lọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì, kí ilẹ̀ wọn má baà fara kan ti Venice. Venice ti parẹ́, ìjọba Tọ́kì ti lọ, Dubrovnik kò sì dá dúró mọ́. Síbẹ̀, Neum di ti Bósíníà, àti pé láti ìgbà tí Yugosláfíà ti tú ká, ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Split lọ sí Dubrovnik, tí méjèèjì wà ní Kroatíà, ní láti jáde kúrò ní Kroatíà, kí ó sì tún un wọ̀, láàrin kìlómítà díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣí afárá Pelješac ní oṣù keje ọdún 2022 ni ọ̀nà tó wà tí kò gba ibẹ̀. Ìbẹ̀rù ọdún 1699 ni àwọn èrò bọ́ọ̀sì ń fi ìwé ìrìnnà wọn san gbèsè rẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà.

Bí ààlà bá sún, ilé èrò a máa kú. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Ivo Andrić lórí afárá odò Drina, èyí tí ó jáde ní ọdún 1945, yóò rántí èyí. Mehmed-paša Sokolović, tí wọ́n mú lọ́mọdé láti abúlé kan nítòsí Višegrad, tí ó sì di igbá-kejì sultan, ni ó ní kí Sinan kọ́ afárá náà láàrin ọdún 1571 sí 1577. Ó kọ́ ilé èrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ìtàn Andrić, ilẹ̀ Hungary ni owó ilé èrò náà ti ń wá. Nígbà tí àwọn ará Tọ́kì pàdánù Hungary, owó dáwọ́ dúró, alágbàtọ́ ilé náà ná owó ara rẹ̀ títí ó fi tán, ilé náà sì wó. Òkúta afárá kò béèrè owó oúnjẹ, nítorí náà ó dúró. Ilé èrò kò lè dúró láìsí ẹni tí ń bọ́ ọ.

Ní ọdún 1888, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Vienna dé Istanbul parí. Èrò tí ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ rìn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí ọkọ̀, àwọn han sì di àjókù. Lẹ́yìn náà ni ogun tẹ̀lé ogun: ti 1912 sí 1913, ti 1914, àti ti 1939. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Josip Broz Tito àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ẹ̀yà jọ sínú Yugosláfíà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ronú kàn ni ọ̀nà. Láti ọdún 1948 ni àwọn ọ̀dọ́, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ nínú wọn, ti ń fi ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ẹrù la ọ̀nà tí wọ́n sọ ní Ìjẹ́-Arákùnrin àti Ìṣọ̀kan. Apá ti Zagreb sí Belgrade ṣí ní ọdún 1950. Nígbà tí ó parí, ó gba ilẹ̀ náà já láti ẹnubodè Austria dé ti Gíríìsì.

Ní Jámánì, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Richard Schirrmann ti ro ohun mìíràn. Ní ọdún 1909, òjò líle ká òun àti àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n sì sùn nínú ilé ìwé kan. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ó yẹ kí gbogbo ìlú ní ilé tí ọ̀dọ́ tí kò lówó lè sùn sí. Inú ilé olódi àtijọ́ kan ní Altena ni ó ti bẹ̀rẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni irú ilé náà ti tàn ká ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1957, bọ́ọ̀sì kan gbéra ní London, ó gba Yugosláfíà àti Bùlgáríà, ó sì dé Calcutta ní Íńdíà ní oṣù kẹfà. Lẹ́yìn rẹ̀, àìmọye ọ̀dọ́ gba ọ̀nà ogun àtijọ́ yẹn lọ sí ìlà-oòrùn. Yugosláfíà mú físà kúrò fún àwọn àlejò ní ọdún 1967. Àwọn ìyá àgbà etí òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní ibùdókọ̀ láti pe èrò wá sí yàrá tí ó ṣófo nínú ilé wọn.

Albáníà ṣe òdìkejì. Enver Hoxha, tí ó ṣe àkóso láti ọdún 1944 títí ó fi kú ní 1985, ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó kọ́ ilé olóòlé ogun onísìmẹ́ǹtì sí gbogbo ìgbèríko, ẹni tí ó bá gbìyànjú láti sá kọjá ààlà di ọlọ̀tẹ̀, aráàlú kò sì gbọdọ̀ ní mọ́tò tirẹ̀. Ilẹ̀ tí òfin rẹ̀ ní ilé jẹ́ ti àlejò wá di ilẹ̀ tí àlejò kò lè wọ̀. Ọ̀tá tí ó ń retí kò wá. Lẹ́yìn ọdún 1991, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní furgon, tí kì í gbéra àyàfi bí wọ́n bá kún, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí òkè lọ, àwọn onílé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò.

Ọdún 1991 yìí kan náà ni Yugosláfíà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Wọ́n dó ti Sarajevo láti oṣù kẹrin ọdún 1992 títí di oṣù kejì ọdún 1996, ó sì ju 11,000 ènìyàn lọ tí ó kú níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìlú ọlọ́nà púpọ̀ yìí wá ní ni ihò tí wọ́n gbẹ́ sí abẹ́ pápá ọkọ̀ òfúrufú ní ọdún 1993, tí gígùn rẹ̀ tó 800 mítà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1993, àwọn ọmọ ogun Kroat ti Bósíníà fi àgbá wó afárá Mostar, tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún 1566. Ó ju mílíọ̀nù méjì ará Bósíníà lọ tí ó fi ilé sílẹ̀. Àwọn ọmọ onílé èrò wá di ẹni tí ń wá ibi sùn ní ilẹ̀ onílẹ̀.

Wọ́n tún afárá Mostar kọ́, wọ́n sì ṣí i ní oṣù keje ọdún 2004. Ṣùgbọ́n ààlà ti pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ní Sarajevo, ibùdókọ̀ kan wà ní àárín ìlú, òmíràn sì wà ní ibi tí wọ́n ń pè ní Sarajevo Ìlà-oòrùn, lápá ibi tí ó wà lábẹ́ àwọn Serb, níbi tí bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Sérbíà ti sábà ń gbéra. Ẹni tí ó bá gba Albáníà tàbí Makedóníà wọ Kósófò kò lè ti ibẹ̀ wọ Sérbíà tààrà, nítorí pé Sérbíà kò gbà pé orílẹ̀-èdè ni Kósófò, ó sì kà á sí pé ẹni náà kò gba ẹnubodè wọlé. Síbẹ̀ bọ́ọ̀sì ń lọ. Réluwéè tí ìjọba kan ṣoṣo ń bójú tó tẹ́lẹ̀ ti gé sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ bọ́ọ̀sì mọ gbogbo oníbodè. Ní ìparí ìrìn ni họ́sítẹ̀lì wà: yàrá kan, ibùsùn alájà méjì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ilé ìdáná kan fún gbogbo ènìyàn, àti onílé tí yóò fi kọfí pàdé àlejò. Bí a bá mú ẹṣin kúrò nínú ohun tí Busbecq rí ní Niš, kí ni ó kù tí ó yàtọ̀?

Ó kù ohun kan. Ọ̀nà kan náà ni àwọn tí ogun Síríà àti Afganísítánì lé jáde gbà ní ọdún 2015, nígbà tí ó ju 800,000 ènìyàn lọ tí ó ti ojú òkun wọ Gíríìsì, tí wọ́n sì ń gba Makedóníà àti Sérbíà lọ sókè, títí wọ́n fi ti ọ̀nà náà ní oṣù kẹta ọdún 2016. Láti ìgbà náà, èrò méjì ni ó wà lójú ọ̀nà Balkan: èyí tí wọ́n ń kí káàbọ̀ àti èyí tí wọ́n ń lé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà méjì lọ sí Pula ní Kroatíà fún ìdíje àwọn yunifásítì. Tẹ́nìsì orí tábìlì ni wọ́n ń gbá, físà sì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìdíje parí, wọ́n padà sí Zagreb, wọ́n wọ̀ sí họ́sítẹ̀lì, wọ́n fi ìwé wọn síbẹ̀, wọ́n sì jáde lọ wo ìgboro. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá dá wọn dúró, wọn kò gba àlàyé wọn pé ìwé wà ní họ́sítẹ̀lì, wọ́n kó wọn pẹ̀lú àwọn mìíràn tí wọ́n kà sí aláìníwèé lọ sí ààlà, wọ́n sì fi tipátipá tì wọ́n wọ inú igbó lọ sí Bósíníà. Àgọ́ àwọn aṣíkiri ní Velika Kladuša ni wọ́n bá ara wọn. Àwọn ọlọ́pàá Kroatíà sẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rò ó wò. Ní ọdún 1554, wọn kò béèrè ẹ̀sìn àlejò kí wọ́n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ní ọdún 2019, ibùsùn àwọn ọmọ wa wà ní ilẹ̀, owó rẹ̀ sì ti jáde, ṣùgbọ́n ibùsùn náà kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ oníbodè. Nítorí náà, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá ń lọ sí ibẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò dùn ún gbà ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ó pọn dandan.

Èyí kò ní kí a má lọ. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí ó kọ́ afárá àti ilé èrò ni a ṣì ń dárúkọ sí rere ní Sarajevo àti ní Višegrad, nígbà tí ilé olóòlé Hoxha di ohun tí ewúrẹ́ ń sá òjò sí. Àwọn ará Bósíníà tí wọ́n ń gba èrò láti ọdún 1462 ni wọ́n di èrò ní ọdún 1992. Ẹni tí ó jẹ́ onílé lónìí lè di àlejò lọ́la. Kí olúkúlùkù fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́.